Ìpáàrà

Ìlú tí ẹ̀gbọ́n mi ti kàwé ti kúrò lórí máàpù.
Wọ́n pín in bí ẹni pín ẹran iléyá,
itan síbí, igẹ̀ sọ́hùn-ún,
ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé ìrìnnà Túbọ̀sún,
pupa, pẹ̀lú ìràwọ̀ kan tí etí rẹ̀ ti ṣá.

Yugosiláfíà. Màmá wa ò lè pè é.
"Yúgò" ló máa ń wí, bí ẹni ń pe ọmọ aládùúgbò.
Ìjọba ló rán an lọ kọ́ iṣẹ́ omi ẹ̀rọ.
Kóòtù tó yá lọ́wọ́ alùfáà ló wọ̀ lọ,
ó fẹ̀ débi pé afẹ́fẹ́ ń gbé e rìn.

Èyí tó kọ́ nípa omi, ó kọ́ ọ.
Ṣùgbọ́n lábẹ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nínú yàrá èédú,
ó bá ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin kan
tí wọ́n fi pínnì há aṣọ tó ya mọ́ra,
tí wọ́n ń fìyà jẹ jìtá.
Ohùn mẹ́ta péré ni wọ́n mọ̀,
wọ́n sì ń sáré lórí ẹ̀ bí ẹni tí ajá ń lé.
Ìpáàrà ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn,
èyí tí Bíbélì ní ó máa ń ba ìṣúra jẹ́.
Ológun ti mú onílù wọn lọ.
Wọ́n wo adúláwọ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà,
wọ́n ní ìwọ, o gbọ́dọ̀ mọ̀lù.
Túbọ̀sún ò mọ ìlù kankan.
Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni, dùùrù ni wọ́n fi tọ́ ọ.
Ó jókòó. Ó ń lù ú bí ẹni ń gún èlùbọ́.

Ní ìlú náà, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri
pé òṣìṣẹ́ ló ni ilé iṣẹ́.
Ìpáàrà fi orin dáhùn:
bó bá jẹ́ pé èmi ni mo nilé,
kí ló dé tí kọ́kọ́rọ́ wà lápò yín?
Ọlọ́pàá wá. Kò na ẹnikẹ́ni.
Ó jókòó, ó bọ́ fìlà,
ó fi ọwọ́ tó rẹwà kọ orúkọ wọn sílẹ̀.
Ó béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ Túbọ̀sún.
Títí ó fi darúgbó, ẹ̀gbọ́n mi ò rín ẹ̀rín yẹn tán.

Ó padà sí Òkóbàbá, ní Èbúté-Mẹ́ta,
pẹ̀lú sàtífíkéètì kan àti kásẹ́ẹ̀tì kan.
Ẹ mọ Òkóbàbá nígbà náà:
gẹdú ń léfòó wá lórí ọ̀sà, ayùn ò sinmi,
lẹ́búlẹ́bú pákó ń bà sínú ọbẹ̀.
Bó ṣe tẹ kásẹ́ẹ̀tì náà, Màmá yọjú láti ilé ìdáná:
"Ayùn ta ló wọlé?"
Bàbá Jọlásún aláyùn dúró lójú fèrèsé wa,
ó gbọ́ orin náà dópin, ó mi orí.
"Eyín ẹ̀ ti kú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pọ́n ọn."

Lẹ́yìn náà ni sọ́jà gbàjọba.
Wọ́n ní ká tò. A tò.
Túbọ̀sún ń lọ síbi iṣẹ́ omi ní Ìjú láràárọ̀,
omi ò sì dé ọ̀dọ̀ wa.
Lóru ọjọ́ kan ó mú ọ̀dà, ó kọ ọ́ sára táńkì àdúgbò tó gbẹ:
BÓ BÁ JẸ́ TIWA NI OMI, KỌ́KỌ́RỌ́ DÀ?
Àwọn tó wá mú un ò béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀.
Oṣù méjì. Ó padà dé, etí òsì ò gbọ́rọ̀ mọ́.
Kò sọ nǹkan kan.
Ó tẹ kásẹ́ẹ̀tì, ó yí i sókè.

Àwa ọmọdé ò gbédè náà,
ṣùgbọ́n kí orin tó bẹ̀rẹ̀ ẹnìkan máa ń pariwo kà:
ẹ́na, difá, tirí, ṣitíri.
A jí i. A fi ń fo súwè.

Wọ́n ti kó àwọn aláyùn lọ báyìí.
Lánàá mo rí ọmọbìnrin kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà,
ẹ́na, difá,
ó fò, ó tẹ ìlà,
ó ń búra pé òun ò tẹ̀ ẹ́.